Ìwé ìtàn tó pe ọdún 2022, 2022 sì ti kọjá: ṣé ẹ ṣì lè kà á?

Ìyá Olùkọ́, Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé. Ọ̀rọ̀ kan ń da ẹgbẹ́ wa rú, mo ní kí n gbé e síwájú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti níbi yòówù tẹ́ ẹ bá wà.

Ẹgbẹ́ ìkàwé kékeré kan la ní l'Àjàṣẹ́ níbí, ìlú tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, nílẹ̀ Benin. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wa: olùkọ́ bíi tèmi, nọ́ọ̀sì kan, àwọn tó ń ta aṣọ, àti ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí kì í lanu àfi tó bá fẹ́ bá wa jiyàn. Ìwé kan lóṣù kan. Ti oṣù yìí, èmi ni mo mú un wá: Soumission, tí Michel Houellebecq kọ lédè Faransé. Àlòkù ni mo rà, lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ẹni tó sì kọ́kọ́ ni ín ti fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Ẹ má bi mí ní ìdí.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: oṣù Kìn-ín-ní 2015 ni ìwé náà jáde, ṣùgbọ́n 2022 ni ìtàn inú rẹ̀, nílẹ̀ Faransé. Ìdìbò ààrẹ dé. Marine Le Pen, olóṣèlú tí kò fẹ́ kí àjèjì máa rọ́ wọ Faransé, ló ṣáájú nínú ìdìbò àkọ́kọ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Mohammed Ben Abbes, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú mùsùlùmí kan tí òǹkọ̀wé fi inú ara rẹ̀ dá. Kí Le Pen má bàa gorí àga, àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ tí kì í rí ara wọn sójú kó sẹ́yìn Ben Abbes, ó sì wọlé. Ẹ wá wo ohun tó gbà lọ́wọ́ wọn: kò du iṣẹ́ ológun, kò du àpò ìjọba. Ètò ẹ̀kọ́ ló ní kí wọ́n fún òun.

François ló ń sọ ìtàn náà, olùkọ́ yunifásítì ní Paris, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, kò láya, kò lọ́mọ. Ìwé òǹkọ̀wé ayé àtijọ́ kan, Huysmans, ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kà. Ìjọba tuntun ní ẹni tí kò bá gba Ìsìláàmù kò lè kọ́ni níbẹ̀ mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní owó ìfẹ̀yìntì tó jọjú kó máa lọ sílé. Nígbà tó yá, wọ́n tún ní kó wá.

Ìjà tó wà nílẹ̀ nìyí. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ọjọ́ ìwé náà ti kọjá, bí oògùn tó ti pẹ́ jù lórí àtẹ. 2022 dé, 2022 lọ, Macron ló tún na Le Pen, kò sí Ben Abbes kankan. Nínú ìwé, Hollande, ààrẹ wọn nígbà tí ìwé náà jáde, ló tún wọlé ní 2017. Lójú ayé, Hollande kò tilẹ̀ du ipò lọ́dún náà. Ẹgbẹ́ òṣèlú UMP tí wọ́n ń dárúkọ káàkiri inú rẹ̀, ọdún 2015 tí ìwé jáde yẹn náà ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹyọ kan ló fẹ́ jọ òótọ́: François Bayrou, tí òǹkọ̀wé fi ṣe mínísítà àgbà fún Ben Abbes, di mínísítà àgbà lóòótọ́, lábẹ́ Macron, ní oṣù Kejìlá 2024. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án 2025, ilé aṣòfin ti lé e lọ. Nígbà tí mo sọ èyí, òṣìṣẹ́ ìjọba wa rẹ́rìn-ín títí tíì ọwọ́ rẹ̀ fi dà sí i lára.

Mo wá ń bi yín: ṣé torí ká lè mọ ẹni tó máa wọlé la ṣe ń ka irú ìtàn yìí ni?

Tèmi rèé. Àwọn ibi tó dà bíi fíìmù nínú rẹ̀, ìbọn tó ń dún nígboro Paris, ilé epo tí François yà sí tó bá òkú nílẹ̀, kò mì mí. Ibi tó mú mi lọ́rùn kò ní ìbọn rárá. Ọ̀gá yunifásítì tuntun, Rediger, ló pe François wá sílé. Ilé ńlá ni, wáìnì gidi wà níbẹ̀. Ìyàwó kékeré kan ṣèèṣì já wọ ibi tí àlejò wà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyàwó àgbà ni iṣẹ́ ìpápánu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ François. Ńṣe ni wọ́n ń yìn ín. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ lórí Huysmans kò láfiwé, wọ́n ní ó yẹ ní ẹni à ń pọ́n lé, wọ́n sì jẹ́ kó mọ̀ pé owó kì í ṣe ìṣòro. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ní yàrá olùkọ́. Mo mọ bí ojú olùkọ́ ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá yìn ín tán tí wọ́n wá mẹ́nu kan owó. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní ọdún nínú.

Ohun tó bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ àwa obìnrin. Ìjọba fi owó ìtọ́jú ọmọ fa àwọn obìnrin kúrò lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ wá pọ̀ fún ọkùnrin, gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́. Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ yí padà, François sì ń sọ ìyẹn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Kò bi obìnrin kan ṣoṣo pé kí ló rí sí i. Myriam, ọmọge tó ń fẹ́, Júù ni. Ó bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Ísírẹ́lì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mùsùlùmí ni ilé ọkọ mi, Àgùdà ni ilé bàbá mi, àbúrò mi obìnrin sì wà ní Sẹ̀lẹ́, ìjọ tó jẹ́ pé Àjàṣẹ́ níbí ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Bí Iléyá bá dé, gbogbo wa la jọ ń jẹran. Ẹ̀rù tí wọ́n fi ìwé yìí dá sílẹ̀ ní Paris, ojú wo ni kí àwa fi wò ó?

Èmi ni mo máa darí ọ̀rọ̀ ní Sátidé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́: ṣé kí n gbé e lọ bẹ́ẹ̀, àbí kí n fi ìwé mìíràn pààrọ̀ rẹ̀?

Ọmọ Alákétu

Ẹ kú làákàyè, Ìyá. Ẹ má pààrọ̀ nǹkan kan.

Ìgbà tí mo wà ní yunifásítì ní Calavi ni mo kà á, 2022 ò tíì dé nígbà yẹn, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀. Mo tún gbé e nígbà tí Macron wọlé tán, ẹ̀rín ló pa mí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé mi ò sáré ka ojú ewé mọ́ láti mọ ẹni tó máa wọlé, mo wá ráyè wo àwọn èèyàn náà dáadáa. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé François ti ń wá ẹni tó máa rà á láti ojú ewé àkọ́kọ́.

Ibi tí mo ti bá òǹkọ̀wé jà ni orúkọ. Ó kó Le Pen, Hollande, Bayrou, gbogbo àwọn alààyè, sínú ìtàn. Ìyẹn ló mú kó tètè gbó. Ní Kétu níbí, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ la fi ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé Ẹ̀fẹ̀ máa jáde sọ́jà lóru, á júbà, á súre, lẹ́yìn náà ló máa wá gbé orin tó ní egungun nínú. Ẹ máa rí i pé orúkọ kì í sábà hàn gbangba nínú ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bá wí á wà láàárín èrò, á máa bá wa rẹ́rìn-ín, torí bí kò bá rẹ́rìn-ín, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Houellebecq ì bá wá jókòó lọ́jà wa lóru ọjọ́ kan.

Ayọ̀ Tẹlifóònù

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní PDF rẹ̀?

Ìyá Olùkọ́, Àjàṣẹ́

Ayọ̀, ẹni tó kọ ọ́ ṣì ń jẹun lójúmọ́. Lọ ra tìẹ, àlòkù ò wọ́n.

Ọmọ Alákétu, ẹ ṣeun. "Ẹni tó máa rà á láti ojú ewé àkọ́kọ́", màá sọ ìyẹn ní Sátidé, màá sì dárúkọ yín.

Alhaja Kékeré, Ouando

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Idí àtẹ aṣọ wa ni mo ti ń ka ìwé náà, nígbà tí ọjà bá dá. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láìfi bò.

Mo fẹ́ mọ àwọn mùsùlùmí tí ọkùnrin yìí rí. Ben Abbes fúnra rẹ̀, orí tẹlifíṣọ̀n ni François ti ń wò ó. Rediger, òyìnbó tó gba Ìsìláàmù ni, ọtí sì wà lórí tábìlì rẹ̀. Mi ò rántí ibi tí ẹnikẹ́ni ti tètè jí kírun àsùbáà, mi ò rántí ìyá tó ń gbààwẹ̀ tó ṣì ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Mùsùlùmí inú ìwé náà ò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ọgbọ́n òṣèlú lásán ni.

Ẹ tún wá wo ọ̀rọ̀ obìnrin tẹ́ ẹ sọ. Ìyá mi ti dé Mẹ́kà. Ìyá mi yìí náà ló kọ́ ilé tí bàbá mi ń gbé, owó àǹkárá ló fi kọ́ ọ, bàbá mi ò sì fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí ìjọba kan wá sí Ouando, kó dúró láàárín ìsọ̀ aṣọ, kó wá sọ fún àwọn Alhaja pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n máa lọ sílé nítorí Ọlọ́run. Màá fẹ́ wà níbẹ̀. Màá fẹ́ rí apá ibi tí ìjọba náà máa sá gbà.

Mọ́ṣáláṣí ńlá tiwa náà ńkọ́? Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i, ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò pè é, torí ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ló wà lára ilé náà. Abẹ́ rẹ̀ la ti kírun. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù pé ilé náà máa jí lọ́jọ́ kan kó di nǹkan mìíràn.

Ṣùgbọ́n mi ò ní bá Ọmọ Alákétu rẹ́rìn-ín tán. Ọjọ́ tí ìwé yẹn jáde gan-an, ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní 2015, ni àwọn apànìyàn wọ iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Charlie Hebdo ní Paris, èèyàn méjìlá ló kú. Bernard Maris, ọ̀rẹ́ òǹkọ̀wé náà, wà lára wọn, òǹkọ̀wé sì pa ìpolówó ìwé rẹ̀ tì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Lyon nígbà náà. Ó ní lọ́sẹ̀ yẹn, bí òun bá wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìbòrí òun, ńṣe ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun máa dìde. Fún un, ìwé tó wà ní gbogbo fèrèsé ilé ìtàwé níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ bá mi sọ ìyẹn náà ní Sátidé.

Ìyá Olùkọ́, Àjàṣẹ́

Alhaja mi, màá sọ ọ́, bó o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ti Ouando yẹn, màá jí i lò.

Ibi kan ni mi ò gbà fún ẹ. O ní mùsùlùmí inú rẹ̀ ò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe mùsùlùmí ni ọkùnrin náà ń bá wí, àwọn olùkọ́ ni. Ó nílò ìjọba kan tó máa wá fi owó àti ìyàwó lọ̀ wọ́n, ó mú èyí tó mọ̀ pé ó máa dẹ́rù ba àwọn ará ilé rẹ̀ jù. Ìwà ìkà ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tó fi ìwà ìkà yẹn bò, ẹlẹgbẹ́ mi ni wọ́n, mo dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Alhaja Kékeré, Ouando

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹnì kan bá fẹ́ bá ẹlẹgbẹ́ yín wí, tó wá gba ẹnu ilé wa kọjá, ṣé ẹnu ilé wa kọ́ ló máa bàjẹ́?

Bàbá Ọ̀gànlá

Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ọmọ yòókù, mo kí yín. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Mi ò ka ìwé náà tán. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Huysmans, oorun gbé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ọdún ìwé ti kọjá, mo fẹ́ dá sí i.

Ká ní ẹnì kan jókòó l'Àjàṣẹ́ níbí ní 1965, ó wá kọ ìtàn ọjọ́ iwájú Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀ Benin wa nígbà náà. Ó ní ìdìbò kan á dá ìjà sílẹ̀, àwọn mẹ́ta tó ń du ipò á wá pín àga ààrẹ, ọdún méjì-méjì. Ẹ máa ní ó ti mu sódàbì yó. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1970. Maga kọ́kọ́ jókòó, ó lo ọdún méjì tirẹ̀ pé. Ó gbé e fún Ahomadégbé ní oṣù Karùn-ún 1972. Ẹni kẹta ni Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́ wa níbí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Kérékou àtàwọn ológun rẹ̀ dé, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù. Àwa ará Àjàṣẹ́ ṣì ń retí ọdún méjì tiwa.

Ká ní ó tún kọ ọ́ pé wọ́n máa pa orúkọ Dahomey rẹ́ pátápátá. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1975. Pé Kérékou, ológun tó ń pe Marx tọ̀sán-tòru, máa jókòó síwájú bíṣọ́ọ̀bù kan ní 1990, tí wọ́n á gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Pé Soglo máa fi ìbò nà án ní 1991, tí òun náà á tún fi ìbò na Soglo ní 1996, nígbà tó ti di ẹni tó ń pe Jésù. Ta ni yóò tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde? Wọ́n á ní kò mọ ìtàn kọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ìbọn náà, ẹ gbọ́ eléyìí. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní 1977. Bàálù kan balẹ̀ ní Cotonou ní kùtùkùtù, àwọn jagunjagun tí wọ́n fi owó gbà ló kún inú rẹ̀, Bob Denard, ọmọ Faransé, ló kó wọn wá láti gba ìjọba. A gbọ́ ọ lórí rédíò l'Àjàṣẹ́. Bàbá mi ní kí gbogbo wa wọlé, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rédíò létí, ìyá mi ń bi í pé tí wọ́n bá dé, ṣé rédíò yẹn ló máa fi bá wọn jà. Wọn ò dé. Kí ọjọ́ tó gùn, wọ́n ti sá padà sínú bàálù wọn. Ẹ wá mọ ohun tí wọ́n gbàgbé sí pápá ọkọ̀ òfurufú? Àwọn ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ètò wọn sí. Gbogbo ayé ló rí i kà lẹ́yìn náà.

Ẹni tó bá kọ ìyẹn sínú ìtàn àròsọ, ẹ̀yin òǹkàwé máa sọ pé ọ̀lẹ ni. Torí náà mi ò bá òǹkọ̀wé Faransé yẹn wí pé kò mọ ẹni tó máa wọlé. Ta ló mọ̀ ọ́n?

Ọmọ Alákétu

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọmọ yín bá wa tẹ ti 1977 yẹn ní kíkún lọ́jọ́ mìíràn. Ti ìyá yín nìkan tó ìwé.

Olùkọ́ Orí Òkè, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Mi ò rí ẹni tó sọ̀rọ̀ ìparí ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìjà wà lọ́dọ̀ tiwa.

Gbogbo ènìyàn ń sọ pé François di mùsùlùmí. Ẹ tún orí tó kẹ́yìn kà. Bó ṣe máa wẹ̀, bó ṣe máa lọ sí mọ́ṣáláṣí Paris, bí wọ́n ṣe máa gbà á padà, gbogbo rẹ̀ ló sọ bí ohun tó máa rí bẹ́ẹ̀ bí òun bá ṣe é. Kò sọ ibì kankan pé òun ti ṣe é. Ìyàwó mi ní ó ti gbà tán, ojú ló ń ti òǹkọ̀wé. Èmi ní ó ṣì jókòó nílé, ó ń ro ó, ó ń ka àǹfààní rẹ̀. Èyí tí mo sọ yìí ló burú jù nínú méjèèjì, torí ẹni tó bá gbà ti ṣe nǹkan kan.

Mo tún ní ìbéèrè fún Alhaja: ṣé Rocamadour ò yí ọkàn yín padà díẹ̀? Ibi tí François ti lọ jókòó síwájú ère Màríà dúdú, tó ń dúró kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí òun, tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ nìkan ni ọkùnrin yẹn ti ṣe òótọ́.

Alhaja Kékeré, Ouando

Olùkọ́, mo ka ibẹ̀ dáadáa. Ó dùn mí fún un. Ebi ń pa á níbẹ̀, ó sì fi ebi sọ ìdí tó fi kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ Ọlọ́run kì í wo aago.

Ìyá Olùkọ́, Àjàṣẹ́

Bàbá, ìyàwó yín kúnlẹ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé.

Mo ti pinnu. Mi ò pààrọ̀ ìwé náà. Màá ṣe fotokópì ibi méjì péré fún ẹni tí kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀: àlejò ilé Rediger, àti orí tó kẹ́yìn tí Olùkọ́ Ṣábẹ̀ẹ́ ń sọ. Ọ̀rọ̀ ìdìbò, a ò ní lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lé e lórí, kí òṣìṣẹ́ ìjọba wa lè rẹ́rìn-ín tán. Alhaja, ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi, torí náà má ṣe ní ọjà kún lọ́jọ́ yẹn.

Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilé mi. Ẹni tó bá jẹ́ èèpo ẹ̀yìn ìwé nìkan ló kà, kó wá, àmọ́ kó gbé nǹkan jíjẹ dání.

Ayọ̀ Tẹlifóònù

Mà á gbé àkàrà wá.